Fushimi Inari tàbí Toyokawa Inari: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ lọ wo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Jàpáànù?

Ẹni tó bá ti rí àwòrán ojúbọ tí ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jókòó sí níwájú, tó wá ń béèrè ọ̀nà ibẹ̀, Kyoto ni gbogbo ènìyàn máa ń darí rẹ̀ sí. Wọn kò ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń béèrè kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan fẹ́ rìn lábẹ́ àwọn ẹnu ọ̀nà pupa tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn títí wọ́n fi gun òkè. Àwọn mìíràn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gan-an ni wọ́n ń wá: wọ́n fẹ́ dúró níwájú rẹ̀, kí wọ́n wò ó lójú dáadáa láìsí ẹni tí yóò ti wọ́n kúrò. Ibi tó dára jù fún ẹni àkọ́kọ́ kọ́ ló dára jù fún ẹni kejì. Nítorí náà ni mo ṣe gbé Fushimi Inari ti Kyoto àti Toyokawa Inari ti ìpínlẹ̀ Aichi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhìn-ín. Màá fi Yutoku Inari ti ìpínlẹ̀ Saga kún un nítorí àwọn tí orúnkún ń dà láàmú, màá sì fẹnu ba ọ̀kan tó wà ní Tokyo fún ẹni tí àkókò há mọ́.

Ohun tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń ṣe níbẹ̀

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, adìyẹ tó gbé sá lọ ni ọkàn ń lọ sí. Ní Jàpáànù, ìrẹsì ni. Inari ni òrìṣà ìrẹsì, ìrẹsì sì ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń pọn ọtí, òun náà ni wọ́n fi ń san owó orí fún àwọn olóyè láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ní ìrẹsì ló ní owó, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé Inari di òrìṣà àwọn oníṣòwò náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa pa eku jẹ, eku ni í sì í ba ìrẹsì inú àká jẹ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣàlàyé bí ẹranko náà ṣe di ẹni ọ̀wọ̀ lójú àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa kí a tó lọ: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́ ni wọ́n ń bọ. Ìránṣẹ́ Inari ni. Wọ́n ní ojú ènìyàn kò lè rí ìránṣẹ́ náà, bí a kò ti lè rí òrìṣà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun: funfun níhìn-ín dúró fún ohun tí ojú kò lè rí. Bí ẹ bá dé iwájú ère, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òmíràn gbé kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì há ẹnu, òmíràn gbé òkúta iyebíye roboto, òmíràn ìwé tí wọ́n ká jọ, òmíràn sì gbé sìírí ìrẹsì. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn lọ́rùn bí èyí tí à ń so mọ́ ọmọ ọwọ́ kí itọ́ má baà ṣàn sí i láyà. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní kàn máa ya fọ́tò kọjá lọ.

Fushimi: òkè ni, kì í ṣe ilé

Ìtàn ibẹ̀ dùn. Wọ́n ní ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan nínú ìdílé Hata, Hata no Irogu, fi àkàrà ìrẹsì ṣe ohun tó ń ta ọfà sí. Àkàrà náà di ẹyẹ funfun, ó fò lọ sí orí òkè, ibi tó bà sí ni ìrẹsì ti hù. Láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “ìrẹsì hù” ni wọ́n ní orúkọ Inari ti jáde. Ọdún 711 ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojúbọ náà. Ogun abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Ogun Onin jó o kanlẹ̀ ní 1468, wọ́n tún ilé àárín kọ́ ní 1499, èyí tó ṣì wà lónìí. Ẹnubodè ńlá tó wà níwájú, Toyotomi Hideyoshi, olórí ogun tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, ló kọ́ ọ ní 1589. Ibi ẹnubodè yìí ni ẹ ó ti rí àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ méjì tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀kan gbé kọ́kọ́rọ́, èkejì gbé òkúta iyebíye.

Ojúbọ Inari tó wà káàkiri Jàpáànù tó bí 30,000, Fushimi sì ni olórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa èrò kì í ṣe ipò yìí. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé ni. Òkè Inari ga ní mítà 233, ọ̀nà tó yí i ká gùn tó kìlómítà mẹ́rin, àwọn torii, ìyẹn ẹnu ọ̀nà onígi pupa, sì tó bí 10,000 lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ ló ń fi wọ́n ta òkè náà lọ́rẹ, bóyá kí ẹ̀bẹ̀ wọn lè gbà, bóyá láti dúpẹ́ pé ó ti gbà. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “kọjá” lédè wọn jọ torii létí, wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà kọjá bí ènìyàn ṣe ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ kò ní rí orúkọ kankan bí ẹ bá ń gòkè. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn gbogbo òpó ni wọ́n kọ ọ́ sí: orúkọ ẹni tó ṣe ọrẹ àti ọjọ́ tó ṣe é. Igi ni wọ́n, igi a sì máa jẹrà. Bí ọ̀kan bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, tuntun á gba ipò rẹ̀. Èyí wú mi lórí ju ẹwà àwọ̀ wọn lọ.

Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá ńkọ́? Wọ́n pọ̀, àmọ́ wọ́n fọ́n káàkiri. Méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, àwọn kékeré tí wọ́n fi amọ̀ ṣe lórí pẹpẹ. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn torii ti sún mọ́ ara wọn jù lọ, èrò pọ̀ débi pé ẹ kò ní lè dúró wo nǹkan. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn tó bá ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àwọn ń wá ni pé kí wọ́n má yà níbẹ̀. Kí wọ́n gòkè títí dé oríta tí wọ́n ń pè ní Yotsutsuji, níbi tí ènìyàn ti ń rí ìlú Kyoto nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ti ibẹ̀ padà. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ni yóò rí àwọn ojúbọ kéékèèké tí wọ́n fi òkúta ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí àwọn ẹlẹ́bí àti ẹlẹ́gbẹ́ gbé kalẹ̀ fún ìjọsìn tiwọn. Orúkọ òrìṣà wà lára òkúta, torii kéékèèké tí kò ju ọwọ́ lọ ni wọ́n kó jọ síwájú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ewéko kéékèèké ti bò sì jókòó síbẹ̀ nínú òjìji igi. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ohùn ẹyẹ nìkan ni mo ń gbọ́. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn wà ní Fushimi. Ìkíní ni pátákó igi tí wọ́n gé bí orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀: ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó ya ojú àti ẹnu sí i, ẹ ó kọ ẹ̀bẹ̀ yín sẹ́yìn, ẹ ó sì fi kọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìkejì ni òkúta kan lórí àtùpà òkúta: ẹ ó ní ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ́kàn, ẹ ó gbé e. Bó bá fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun náà yóò ṣẹ. Bó bá wúwo, ó kù díẹ̀.

Toyokawa: ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti pọ̀ bí ọjà

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ. Toyokawa Inari kì í ṣe ojúbọ Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Jàpáànù tí Fushimi ń ṣe. Tẹ́ńpìlì Búdà ni, ti ẹ̀ka Zen tí wọ́n ń pè ní Soto, Myogon-ji sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Torii ńlá wà níbẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ Inari wà níbẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ àlejò lọ, kí wọ́n sì bọ̀ láìmọ ibi tí wọ́n dé.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Kangan Giin, àlùfáà Zen kan, ń ti Ṣáínà bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí Dakiniten, òrìṣà obìnrin kan nínú ẹ̀sìn Búdà, yọ sí i, tó gun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun, tó gbé ìdì ìrẹsì lé èjìká. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà ayé rẹ̀, ní ọdún 1441, kí wọ́n tó dá tẹ́ńpìlì náà sílẹ̀, Dakiniten sì ni ẹni tí wọ́n ń ké pè níbẹ̀ títí dòní. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, Búdà àti Ṣíńtò jọ ń gbé pọ̀ láìsí ìjà ní Jàpáànù, ẹnikẹ́ni kò sì rí àléébù nínú kí wọ́n pe Dakiniten ní Inari. Ìgbà tí ìjọba Meiji pàṣẹ ní 1868 pé kí wọ́n ya ẹ̀sìn méjèèjì sọ́tọ̀ ni olúkúlùkù ní láti mọ ibi tí òun wà. Fushimi dúró ti Ṣíńtò. Toyokawa dúró ti Búdà, ṣùgbọ́n Inari náà ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè é lónìí.

Ẹ ó gba àárín àwọn ilé wọlé, ẹ ó rí ẹnubodè tí Imagawa Yoshimoto, olóyè ogun kan, kọ́ ní 1536, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àsíá funfun àti pupa tí wọ́n tò lọ rẹrẹ. Àsíá yìí ni wọ́n ń fi ta á lọ́rẹ níbí bí wọ́n ṣe ń fi torii ṣe é ní Fushimi. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Reiko-zuka, òkìtì àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mímọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta jókòó sí abẹ́ igi, ńlá, kékeré, tuntun, ògbólógbòó, gbogbo wọn so aṣọ pupa mọ́ ọrùn, wọ́n kọjú sí yín. Àwọn tó gba ohun tí wọ́n tọrọ ló gbé wọn wá. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn kò ṣe jọra: oníṣẹ́ ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òkúta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan rorò, ọ̀kan ti gbó débi pé òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ imú rẹ̀ tán.

Mo gbà pé kò sí ibòmíràn tí ènìyàn ti lè wo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dáadáa tó báyìí. Bí ó bá jẹ́ ojú àwọn ẹranko yìí ni ẹ bá dìde nílé fún, Toyokawa ni kí ẹ lọ, kí ẹ má jẹ́ kí òkìkí Kyoto fà yín kúrò lórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kí ilé kọ̀ọ̀kan

Ní Fushimi, ẹ tẹríba díẹ̀ kí ẹ tó gba abẹ́ torii àkọ́kọ́, ẹ má sì gba àárín gbùngbùn ọ̀nà, nítorí ọ̀nà òrìṣà ni wọ́n kà á sí. Ẹ bu omi níbi ìwẹwọ́: ọwọ́ òsì, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún, ẹ fi ọwọ́ òsì bu díẹ̀ yọ ẹnu, kí ẹ tún ọwọ́ òsì ṣàn. Ẹ má fi ẹnu kan igbá. Níwájú ilé àárín, ẹ sọ owó ẹyọ sínú àpótí, ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀méjì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀méjì, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Owó ẹyọ yẹ́ǹ márùn-ún ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí orúkọ rẹ̀ lédè wọn jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún okùn tó so ènìyàn pọ̀.

Ní Toyokawa, ẹ kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ kàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ẹ tẹríba, ó parí. Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù níbẹ̀, àwọn ará Jàpáànù pàápàá a máa ṣe é nítorí torii tí wọ́n gbà wọlé. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín wí. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá mọ ilé tó wọ̀ kó tó kí i, ó sàn.

Àwọn kan yóò béèrè, pàápàá ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, pé ṣé dandan ni kí òun ṣe gbogbo èyí. Kì í ṣe dandan. Àlejò pọ̀ tó kàn ń rìn kiri, tó ń wòran, tí kò gbàdúrà, tí kò sọ owó, ẹnikẹ́ni kò sì wò wọ́n tìka-tẹ̀gbin. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí a má dí ojú ọ̀nà níwájú ẹni tó ń gbàdúrà, kí a má gun orí òkúta tàbí pẹpẹ torí fọ́tò, kí a má fọwọ́ kan ère tàbí aṣọ ọrùn rẹ̀. Ìbọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìjọsìn, a kò sì ṣàì mọ èyí nílé tiwa, níbi tí ọmọ Mùsùlùmí ti ń bá bàbá rẹ̀ àgbà tó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe jókòó jẹun.

Ẹsẹ̀, àkókò àti ikùn

Fushimi rọrùn í dé. Ẹ wọ reluwé ọ̀nà Nara ní ibùdókọ̀ Kyoto, ibùdó kejì ni Inari, iṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ rí i dájú pé èyí tó ń dúró ní gbogbo ibùdó ni ẹ wọ̀, torí èyí tó ń sáré kì í dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá jáde, torii ti wà níwájú yín. Ọ̀sán àti òru ni ibẹ̀ ṣí, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ti wà lórí òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Láti yí òkè náà ká gba wákàtí méjì sí mẹ́ta, àtẹ̀gùn òkúta ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàtà tó ń yọ̀ kò dára níbẹ̀, àgàgà bí òjò bá rọ̀.

Toyokawa gba ìrìn díẹ̀ sí i. Ẹ ó dé Toyohashi, ẹ ó wọ reluwé ọ̀nà Iida, bí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn iṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ilẹ̀ tẹ́jú, èrò kò sì pọ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Wákàtí kan ààbọ̀ ti tó láti rí gbogbo rẹ̀ láìkánjú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má padà láìjẹ inari-zushi. Wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn tófù díndín, ìyẹn wàrà sóyà, nítorí náà wọ́n ń dín in ní pẹlẹbẹ, wọ́n ń sè é nínú omi adùn, wọ́n á wá fi ìrẹsì kún inú rẹ̀ bí àpò. Ní ìhà Kyoto, ìrísí rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ní ìhà Tokyo, ó gùn bí àpò ìrẹsì. Toyokawa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, òpópónà tó lọ sí tẹ́ńpìlì náà sì kún fún àwọn tó ń tà á. Ní Fushimi, ẹ ó tún rí ológoṣẹ́ tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n sun lórí ẹ̀yín iná, torí ẹyẹ yìí ni í jẹ ìrẹsì lóko. Ẹni tó bá ti lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì rí ní Ọ̀fadà tàbí Ìgbẹ́mọ̀ kò ní béèrè àlàyé púpọ̀.

Bí orúnkún kò bá gbà, bí àkókò kò bá sí

Yutoku Inari wà ní ìlú Kashima, ìpínlẹ̀ Saga, ní erékùṣù Kyushu. Ojúbọ Ṣíńtò ni. Ìyàwó Nabeshima Naotomo, olúwa Kashima, ló dá a sílẹ̀ ní 1687, ó sì gba àṣẹ òrìṣà náà láti Kyoto wá. Ilé àárín rẹ̀ kò sí nílẹ̀: ó gun orí àwọn òpó pupa, mítà 18 sókè, lára òkè. Tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn nìkan ló lọ síbẹ̀; ní báyìí lífìtì wà tí ẹ lè san yẹ́ǹ 300 wọ̀. Fún ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà, tó fẹ́ dé iwájú Inari láìgun òkè, èmi kò mọ èyí tó sàn jù ú lọ. Ẹni tí agbára ṣì wà fún lè máa gba àárín torii lọ sí òkè pátápátá, níbi tí òkun Ariake ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àléébù rẹ̀ ni pé ó jìn sí Kyoto àti Tokyo. Ẹni tó ti ní ohun mìíràn láti ṣe ní Kyushu ló yẹ. Láti ibùdókọ̀ Hizen-Kashima, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé ibẹ̀ ní bí iṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tokyo nìkan ni ẹ ó dé? Toyokawa ní ẹ̀ka kan ní Akasaka, tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ibùdó Akasaka-mitsuke. Ibẹ̀ náà ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ òkúta púpọ̀ tó so aṣọ pupa mọ́ ọrùn, láàárín àwọn ilé gogoro, a sì so ó mọ́ orúkọ Ooka Tadasuke, adájọ́ Edo (orúkọ Tokyo láyé àtijọ́) tí àwọn ará Jàpáànù ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó ẹni tó ní wákàtí kan péré lọ́wọ́. Ẹ rántí pé tẹ́ńpìlì ni òun náà: kò sí pípàtẹ́wọ́.

Èwo ni èmi yóò mú?

Bí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó lọ sí Jàpáànù láyé yín, tí ara sì yá, ẹ lọ sí Fushimi, àmọ́ ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ sì kọjá Yotsutsuji. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré tí yóò sunkún bí àtẹ̀gùn bá pọ̀, ẹ dúró ní ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ya ojú sí pátákó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀, ẹ má fi dandan lé òkè. Bí ó bá jẹ́ ère ni ìfẹ́ yín, tàbí tí èrò ń tètè sú yín, Toyokawa ni.

Àti pé ẹ lè rí méjèèjì láàárín ọjọ́ méjì, torí Toyohashi wà lójú ọ̀nà Tokyo sí Kyoto. Nozomi, reluwé tó yára jù, kì í dúró níbẹ̀. Kodama ni kí ẹ wọ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn Hikari tó ń yà síbẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹ kó ẹrù yín sínú àpótí olówó ẹyọ ní Toyohashi, ẹ lọ wo àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ jẹ inari-zushi bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ padà wá gbé ẹrù, ẹ ó sì sùn ní Kyoto lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ lè jí lọ sí orí òkè ní ìdájí ọjọ́ kejì.